Orí Keje: Kóbọ́ọ̀tì, Tínà àti Ẹ̀wọ̀n Kúkúrú

Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń fín sára mọ́tò ní Ring Road àti Challenge n'Ìbàdàn kì í bá mọ́tò náà dé ilé. Ọ̀dà tí sípíréyà rà ti ní tínà nínú láti iléeṣẹ́. Òun náà tún da tínà tirẹ̀ sí i kí ó tó lè gba ẹnu ìbọn ọ̀dà jáde. Kí ojú irin tó gbẹ tán, gbogbo tínà yẹn ti bá atẹ́gùn lọ, ó sì lè ju ìdajì ohun tó wà nínú ìbọn lọ. Owó ni ó fi rà á, imú rẹ̀ náà ló sì fi ń fà á. Lásìkò òjò ó tún ní wàhálà mìíràn: tínà tó ń yára gbẹ máa ń mú ojú irin tutù, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á sẹ̀ sí i, ojú ọ̀dà tó yẹ kó máa dán á wá ṣú funfun.

Kí ló dé tí wọn kò kúkú ta ọ̀dà tí kò nílò tínà? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú gígùn ẹ̀wọ̀n. Ohun tó ń di awọ líle lára mọ́tò ni pọ́límà, ìyẹn mólékù tí a fi àwọn mólékù kékeré so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n, ẹgbẹẹgbẹ̀rún nígbà mìíràn. Ẹ̀wọ̀n gígùn máa ń lọ́ mọ́ ara wọn, ohun tí wọ́n bá wà nínú rẹ̀ á sì ki. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti ewédú tí wọ́n ń bù sórí àmàlà ní Bódìjà: àwọn ẹ̀wọ̀n gígùn tí ewé náà fi ṣúgà so ló ń mú un yọ̀, bí ó bá sì pẹ́ jù lórí iná, kì í fà mọ́. Ọ̀nà méjì pàtàkì ló wà láti mú irú ọ̀dà tó ki bẹ́ẹ̀ ṣàn: kí a da tínà sí i, tàbí kí a so ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kúrú láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó wá so kọ́ra lẹ́yìn tó bá ti dé ara mọ́tò.

Ọ̀nà kejì yìí ni òfin ti àwọn tó ń ṣe ọ̀dà sí. Ní 1966, agbègbè Los Angeles ṣe òfin tí wọ́n ń pè ní Rule 66, nítorí wọ́n ti rí i pé bí èéfín tínà bá pàdé èéfín mọ́tò lábẹ́ oòrùn, ó ń di ósóònù tó ń ta àyà. Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù náà ṣe tiwọn ní 2004: láti 2007, ọ̀dà ìparí tí wọ́n fi ń tún mọ́tò kùn kò gbọdọ̀ ní ju gíráàmù 420 irú èròjà bẹ́ẹ̀ lọ nínú lítà kan. Iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ tajà níbẹ̀ ní láti mọ bí a ṣe ń ṣe ẹ̀wọ̀n kúkúrú, kí ó sì mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ẹ̀wọ̀n ṣe ń dàgbà. Methyl methacrylate, tí a ó máa pè ní MMA, ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ; òun ni wọ́n ń so di Perspex, òun náà ni dókítà eyín fi ń ṣe èrìgì eyín àtọwọ́dá. MMA kọ̀ọ̀kan ní ìdè onílọ́po méjì láàárín kábọ́ọ̀nù méjì. Rádíkà, ìyẹn mólékù tó ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan tí kò ní ẹnìkejì, á ṣí ìdè yẹn, á so mọ́ ọn, ipò rádíkà á sì bọ́ sí orí ẹni tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní 60°C, nínú MMA tí a kò fi nǹkan kan là, orí kan ṣoṣo ń so nǹkan bí 8,000 MMA mọ́ra láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀wọ̀n oní-25, ìyẹn MMA 25 péré, ní láti dá ohun tó ń sáré báyìí dúró kíákíá, láìpa iná iṣẹ́ náà.

Ní 1937 ni Paul Flory ti sọ pé ẹ̀wọ̀n lè parí láìjẹ́ pé rádíkà kú: ó lè gba átọ́ọ̀mù háídírójìn kan lọ́wọ́ mólékù mìíràn, kí ó sinmi, kí mólékù tó fún un wá di rádíkà tuntun tí yóò bẹ̀rẹ̀ ẹ̀wọ̀n tirẹ̀. Ìtàtaré ẹ̀wọ̀n ni èyí. Frank Mayo fi ìṣirò dè é ní 1943: a ó pín iye ohun tó ń tàtaré sí iye mónómà, ìyẹn mólékù kékeré tí a ń so, a ó fi èsì rẹ̀ lọ́po agbára ìtàtaré rẹ̀ (ìyára ìtàtaré tí a pín sí ìyára tí mónómà fi ń so), ìdákejì ohun tó bá jáde ni gígùn ẹ̀wọ̀n. Ohun tí àwọn iléeṣẹ́ ń lò fún un láti ìgbà náà ni thiol, olóòórùn imí-ọjọ́. Agbára rẹ̀ kéré. Fún dodecanethiol, ọ̀kan nínú àwọn thiol, nínú MMA, kò ju nǹkan bí 0.7 lọ. Bí a bá fẹ́ ẹ̀wọ̀n oní-25, a ó da nǹkan bí thiol 57,000 sí mílíọ̀nù kan MMA, gbogbo rẹ̀ ni yóò sì wọ inú ọ̀dà lọ pẹ̀lú òórùn rẹ̀.

Ní 1975, Boris Smirnov àti Alexander Marchenko ní Soviet Union ń fi kóbọ́ọ̀tì dánra wò. Wọ́n fi í sáàárín porphyrin, òrùka tó jọ èyí tó gbé irin dání nínú ẹ̀jẹ̀ wa, wọ́n sì dà á sínú MMA. Dípò kí kóbọ́ọ̀tì pa iṣẹ́ náà, ẹ̀wọ̀n kàn ń kúrú ni, kóbọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀ kò sì tán. Catalytic chain transfer polymerization ni àwọn onímọ̀ wá ń pè é. Ìwé tó gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ìta Soviet jáde ní 1981, láti ọwọ́ Enikolopyan pẹ̀lú Smirnov àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Kò pẹ́ tí iléeṣẹ́ DuPont fi gbé e wọ iléeṣẹ́ ọ̀dà mọ́tò ní Amẹ́ríkà.

Kóbọ́ọ̀tì kì í ṣe àlejò nínú ọ̀dà o. Ọ̀dà gílọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń kun ilẹ̀kùn àti géètì ní Bódìjà ní kóbọ́ọ̀tì díẹ̀ nínú nígbà púpọ̀. Òun ló ń bá ọ́síjìn ṣiṣẹ́ tí òróró inú ọ̀dà fi ń so pọ̀ tí ó sì ń gbẹ. Àwọn tó ń ṣe táńkì omi oní-fáíbà náà mọ̀ ọ́n, nítorí òun ni ohun aláwọ̀ elése àlùkò tí wọ́n ń kán sínú résíìnì kí ó tètè le. Níbi tí a sọ yìí, iṣẹ́ kóbọ́ọ̀tì ni láti so. Nínú ìwádìí Smirnov, ó ń gé. Ohun tó yí i padà ni òrùka tó wà yí i ká. Vitamin B12 pàápàá, kóbọ́ọ̀tì nínú òrùka ni. Dorothy Hodgkin ló fi ìtànṣán X tú bí ó ṣe rí, ó gba Nobel ní 1964, Gánà níhìn-ín ló sì wà nígbà tí ìròyìn náà kàn án, lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ tó ń darí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa Áfíríkà ní Yunifásítì Gánà ní Legon. Láti inú ìgbìyànjú láti ṣe àwòkọ B12 ni cobaloxime ti wá, òun náà ló sì bí CoBF, kàtálíìsì (ohun tó ń mú iṣẹ́ ṣẹlẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kì í tán) tí wọ́n ń lò jù lónìí. Dimethylglyoxime ni ara òrùka rẹ̀, ohun kan náà tí gbogbo ẹni tó ka kẹ́mísírì ní Yunifásítì Ìbàdàn tàbí ibòmíràn fi ń dán níkẹ́ẹ̀lì wò tí ó ń pọ́n wẹ̀ẹ̀.

Bí CoBF ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Kóbọ́ọ̀tì inú rẹ̀ náà ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan tó dá wà. Ó bá orí ẹ̀wọ̀n tó ń sáré pàdé, ó já háídírójìn kan gbà lára ẹgbẹ́ methyl tó wà lẹ́bàá ibi tí rádíkà wà. Ẹ̀wọ̀n yẹn parí, ó sì jáde pẹ̀lú ìdè onílọ́po méjì ní ìdí rẹ̀. Kóbọ́ọ̀tì tó gbé háídírójìn dání kò pa á mọ́: MMA àkọ́kọ́ tó bá rí ló fún, MMA yẹn di rádíkà, ẹ̀wọ̀n tuntun bẹ̀rẹ̀, kóbọ́ọ̀tì sì padà bí ó ṣe wà. Agbára ìtàtaré rẹ̀ nínú MMA ní 60°C tó nǹkan bí 40,000. Ẹ fi sínú ìṣirò Mayo: kóbọ́ọ̀tì kan ṣoṣo láàárín mílíọ̀nù kan MMA, ẹ̀wọ̀n oní-25. Ẹ rántí pé thiol 57,000 ló ṣe iṣẹ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan.

Wàyí o, kí ni ti sọ́fẹ́ǹtì, ohun olómi bíi tínà tí a ń yọ́ gbogbo nǹkan wọ̀nyí sí? Ẹni tó bá wo ìṣirò Mayo yóò rí ohun kan tó lè yà á lẹ́nu: sọ́fẹ́ǹtì kò sí nínú rẹ̀. Ìpín kóbọ́ọ̀tì sí mónómà ló wà níbẹ̀. Bí mo bá fi toluene la MMA àti kóbọ́ọ̀tì papọ̀ ní ìlọ́po méjì, àwọn méjèèjì ni mo là, ìpín wọn kò yẹ̀, ẹ̀wọ̀n yẹ kó ṣì jẹ́ 25. Nítorí náà, bí gígùn rẹ̀ bá yí padà nígbà tí a yí sọ́fẹ́ǹtì padà, sọ́fẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ ló ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ohun tó mú mi fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Ìdánwò díẹ̀ ló ń jẹ́ kí a mú sọ́fẹ́ǹtì báyìí.

Ọwọ́ àkọ́kọ́ tó ń tì bọ̀ ọ́ ni kíki. Kóbọ́ọ̀tì àti orí ẹ̀wọ̀n ní láti rìn kí wọ́n tó pàdé. Nígbà tí wọ́n fi MMA wé àwọn ẹbí rẹ̀ tí ìrù wọn gùn sí i, ethyl àti butyl methacrylate, agbára ìtàtaré ń lọ sílẹ̀ bí ohun olómi náà ṣe ń ki sí i. Àwọn ẹgbẹ́ Tom Davis àti Hans Heuts ní Sydney fi kíki lọ́po ìyára ìtàtaré fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, èsì rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Wọ́n wá gbé iṣẹ́ náà wọ inú carbon dioxide tí wọ́n fi agbára tẹ̀ àti ooru sọ di nǹkan tí kì í ṣe afẹ́fẹ́ tí kì í sì í ṣe omi. Nǹkan yẹn fúyẹ́ púpọ̀ ju ohun olómi gidi lọ, agbára ìtàtaré sì ga sí i níbẹ̀. Ó wá dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí: ìpàdé ni gbogbo iṣẹ́, bí wọ́n bá ti fara kanra, háídírójìn ti lọ.

Kò parí bẹ́ẹ̀. Fi 40,000 lọ́po ìyára tí MMA fi ń so, wàá rí nǹkan bí mílíọ̀nù 33, ní ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ń lò. Mólékù kéékèèké tí wọ́n kàn ń fara kanra nínú ohun olómi máa ń dé bílíọ̀nù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí fi hàn pé ọ̀pọ̀ ìpàdé ló ń ṣòfò. Ohun kejì tún le ju ìyẹn lọ. Gridnev àti Ittel ní DuPont pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi háídírójìn tó wúwo, deuterium, rọ́pò háídírójìn inú MMA. Ìpàdé kò yẹ kó mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà fà sẹ́yìn ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Ó dájú pé jíjá ìdè háídírójìn gan-an ń gba àkókò. Nínú èrò tèmi, ẹ̀rí méjèèjì ni kí a gbà: ìpàdé ń ná wọn ní nǹkan, jíjá náà ń ná wọn ní nǹkan, èyí tó bá le jù sì dá lórí bí ẹ̀wọ̀n ṣe gùn tó àti bí ohun tó wà yí i ká ṣe ki tó. Ẹni tó bá fi kíki nìkan ṣe àlàyé gbogbo ipa sọ́fẹ́ǹtì, ó ti fi ìkánjú jẹun.

Ọwọ́ kejì ni jíjókòó sórí kóbọ́ọ̀tì. Òrùka CoBF gba ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin lára kóbọ́ọ̀tì. Òkè àti ìsàlẹ̀ ṣì ṣí sílẹ̀, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ ti ń ṣẹlẹ̀. Methanol lè jókòó síbẹ̀, omi lè jókòó síbẹ̀, pyridine máa ń jókòó ṣinṣin jù wọ́n lọ. Toluene kì í fẹ́ jókòó. Ìjókòó yìí ń yí bí kóbọ́ọ̀tì ṣe ń fa háídírójìn padà, nítorí náà, nọ́ḿbà tí wọ́n wọ̀n nínú toluene kì í ṣe ti methanol.

Ìkẹta ló ń tan èèyàn jù: ìdọ̀tí. Sọ́fẹ́ǹtì tó ti pẹ́ nínú ìgò, tí wọ́n ń ṣí tí wọ́n ń dé, pàápàá ní ilẹ̀ olóoru, máa ń kó peroxide jọ. Tetrahydrofuran àti àwọn ẹbí rẹ̀ ló burú jù nínú èyí. Peroxide ń ba kóbọ́ọ̀tì jẹ́, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ náà ń bà á jẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ yìí lábẹ́ náítírójìn. Nítorí pé kóbọ́ọ̀tì kan sí mílíọ̀nù kan ni a ń sọ, ìdọ̀tí tí ojú kò lè rí ti tó láti pa á tán. Ẹ wá wò ó: bí sọ́fẹ́ǹtì bá dín agbára ìtàtaré kù sí 20,000 nítorí pé ó ki, ẹ̀wọ̀n á di 50. Bí sọ́fẹ́ǹtì bá dọ̀tí, tí ó sì pa ìdajì kóbọ́ọ̀tì, ẹ̀wọ̀n á di 50. Èsì kan náà, ìdí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀pọ̀ nọ́ḿbà tó ta kora nínú ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí, ibí ni mo fura sí.

A ṣì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Kíki kì í pọ̀ sí i lójijì ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ṣùgbọ́n kóbọ́ọ̀tì tó ń kú díẹ̀díẹ̀ á jẹ́ kí ẹ̀wọ̀n máa gùn bí wákàtí ṣe ń lọ. Ẹni tó bá bù wò léraléra yóò rí i. Ọ̀nà mìíràn ni kí a máa dín kóbọ́ọ̀tì kù. Bí ìdọ̀tí bá wà, a ó dé ìwọ̀n kan tí ẹ̀wọ̀n á kàn gùn lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí gbogbo kóbọ́ọ̀tì tí a fi sí i ni ìdọ̀tí ti jẹ. Tínà tí wọ́n ń ta nínú kẹ́ẹ̀gì láìní àkọlé kò lè kọjá ìdánwò yìí, nítorí kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ lónìí kí ó tún jẹ́ òun náà lọ́la.

Gbogbo ohun tí a ti ń sọ, MMA ni. Bí a bá yí mónómà padà, iṣẹ́ yí padà láti ìpìlẹ̀. Styrene kò ní ẹgbẹ́ methyl tí kóbọ́ọ̀tì ti ń já háídírójìn. Kóbọ́ọ̀tì ní láti já a láti inú ẹ̀yìn ẹ̀wọ̀n fúnra rẹ̀, ó sì ṣòro sí i. Nígbà mìíràn kàkà kó já nǹkan kan, ó kàn lẹ̀ mọ́ orí ẹ̀wọ̀n ni, kò sì ní sí lárọ̀ọ́wọ́tó fún iṣẹ́ mìíràn. Ìmọ́lẹ̀ lè já ìdè yẹn, nítorí náà agbára ìtàtaré nínú styrene ń ga sí i bí wọ́n bá tan iná alágbára sí i, ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní rò pé ó kan gígùn ẹ̀wọ̀n. Nínú acrylate, mónómà mìíràn, lílẹ̀ ló borí pátápátá. Ní 1994 ni Bradford Wayland àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìyẹn ṣe àǹfààní: wọ́n lo kóbọ́ọ̀tì tó ń lẹ̀ tó sì ń tú láti mú ẹ̀wọ̀n acrylate dàgbà lẹ́sẹẹsẹ, gbogbo wọn ní gígùn tó súnmọ́ra.

Ó ku omi. Ọ̀dà ẹ́múlúṣọ̀n tó wà lára ògiri ilé ní Àgbówó títí dé Dùgbẹ̀ kò ní tínà. Omi ló gbé e, pọ́límà rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀ bí àwọn hóró kéékèèké tí ojú kò lè rí. Ó yẹ kí kóbọ́ọ̀tì wúlò níbẹ̀ náà, àmọ́ ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sọ́fẹ́ǹtì ti di méjì: CoBF ń yọ́ nínú omi, ó sì ń yọ́ nínú hóró, èyí tó bá wà nínú omi kò sì lè gé ẹ̀wọ̀n inú hóró. Ẹ jẹ́ ká tún ṣírò. Hóró MMA tí ìbú rẹ̀ jẹ́ nánòmítà 100 gba nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta mónómà. Ní kóbọ́ọ̀tì kan sí mílíọ̀nù kan, mẹ́ta péré ló wà nínú hóró yẹn. Bí ìbú rẹ̀ bá jẹ́ 50, ààyè inú rẹ̀ dín ní ìlọ́po mẹ́jọ, nínú hóró mẹ́ta, ọ̀kan ṣoṣo ló máa ní kóbọ́ọ̀tì.

CoBF lè gba inú omi kọjá láti hóró kan sí òmíràn, ìyẹn sì ń bo àìdọ́gba náà mọ́lẹ̀. Àwọn kan fẹ́ kí gbogbo kóbọ́ọ̀tì wà nínú hóró, wọ́n bá fi phenyl rọ́pò methyl lára òrùka rẹ̀, kí omi má lè gbé e mọ́. Ó dúró sínú hóró lóòótọ́, ṣùgbọ́n agbára ìtàtaré rẹ̀ kò tó ti àkọ́kọ́, hóró tí kò bá sì ní tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kò ní rí òmíràn gbà. Ní 2009, àwọn olùwádìí ní Eindhoven, ní Netherlands, gbé ẹ̀rí jáde pé bí wọ́n bá to àwọn ẹ̀wọ̀n láti inú irú ẹ́múlúṣọ̀n bẹ́ẹ̀ ní ìtò gígùn wọn, wọ́n lè pín sí òkìtì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ti inú hóró tí kò ní kóbọ́ọ̀tì rárá, ti èyí tó ní ọ̀kan, ti èyí tó ní méjì.